Ibùdókọ̀ ni ká máa ṣọ́, kì í ṣe ọkọ̀

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Keje, mo dúró sí Ọ̀jọ́tà ní Èkó láti aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ títí tí aago mẹ́jọ fi kọjá, mò ń wá ọkọ̀ Ìkòròdú. Òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án, ó sì tún ń ta sílẹ̀ wẹ́wẹ́. Obìnrin kan dúró tì mí. Ó pọn ọmọ, ọmọ ti sùn, orí rẹ̀ sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá rẹ̀ fi ọ̀rá bò ó lórí kí òjò má baà pa á. Ọkọ̀ ń kọjá, wọn ò dúró, torí gbogbo wọn ló ti kún. Nígbà tó yá, obìnrin náà yíjú sí mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ ṣì máa wá báyìí?"

Mi ò rí nǹkan kan sọ fún un. Ohun tó ká mi lára jù ni pé fóònù wà lọ́wọ́ mi, dátà sì wà lórí rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, mo jókòó níbi iṣẹ́ mi ní Onípanu, mo sì fi fóònù yìí kan náà wo ọmọkùnrin tó ń fi alùpùpù gbé bàtà tí mo rà bọ̀ láti Yábàá. Mo rí i nígbà tó dé Fádèyí. Mo rí i nígbà tó dúró níbi tí ọ̀nà ti há. Fóònù ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, nígbà tí mo sì fi máa sọ̀kalẹ̀ dé ẹnu géètì, ọmọkùnrin náà ti ń pa alùpùpù rẹ̀. Bàtà lásán ni mò ń sọ yìí o. Bàtà ní ẹni tó ń mójú tó o lójú ọ̀nà. Obìnrin tó ti fi gbogbo ọjọ́ ṣiṣẹ́, tó tún pọn ọmọ lé e, kò sí ẹni tó lè sọ fún un bóyá kó dúró ni àbí kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí Kẹ́tu.

Ọkọ̀ kan ṣàánú wa nígbẹ̀yìn. ₦1,200 ni kọ̀ńdọ́ pè é, ibi tí mo san ₦700 sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kò sí ṣénjì lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá so èmi àti obìnrin náà pọ̀, ó kó owó lé wa lọ́wọ́, a sì jọ sọ̀kalẹ̀ ní Agric láti wá ẹni tó máa bá wa ṣẹ́ ẹ. Ibi tá a ti ń wá ṣénjì kiri yẹn ló ti sọ fún mi pé ojoojúmọ́ lòun ń gba ọ̀nà yẹn, àti pé ohun tó ń dun òun kì í ṣe pé òun ń dúró. Ó ní, "Tí n bá mọ̀ pé mo máa pẹ́ tó yẹn ni, ǹ bá ti fún ọmọ yìí lóúnjẹ kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù."

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ yẹn ni mo gbé sùn.

Kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi, nítorí náà kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ohun tí fóònù lè ṣe. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ tún nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí nǹkan náà ṣe ń rìn. Danfo kì í tẹ̀lé aago. Ó di ìgbà tó bá kún kó tó gbéra. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ní gáréèjì ń fi ojú ara rẹ̀ rí i bí àyè ṣe ń tán, ó ń gbọ́ ohùn agbèrò, ó mọ̀ pé àwọn máa tó lọ. Ẹni tó dúró sójú ọ̀nà ló ń jìyà. Ọkọ̀ tó ti kún láti Ọ̀bàléńdé tàbí CMS máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni, kò sì mọ̀ bóyá mẹ́ta ló máa kọjá bẹ́ẹ̀ tàbí ọgbọ̀n. Tó bá tún di ìrọ̀lẹ́, àwọn awakọ̀ mìíràn á gé ọ̀nà sí méjì: wọ́n á gbé èrò láti Ọ̀jọ́tà dé Mile 12, wọ́n á já wọn sílẹ̀, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ìkòròdú ní owó ọ̀tọ̀. Owó ọkọ̀ pàápàá kò dúró sójú kan. Kọ̀ńdọ́ á wo ojú ọ̀run, á wo bí èrò ṣe pọ̀ tó, á sì pe iye tó bá rò pé wọ́n máa san.

Mi ò pe èyí ní ìwà ìkà. Awakọ̀ tí kì í ṣe òun ló ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kó iye kan fún olówó ọkọ̀ lójoojúmọ́, èrò ìbáà wà, ìbáà má sí. Epo ńkọ́? Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú wa ti rí lórí epo láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tún wà láti gáréèjì kan sí òmíràn. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni òun àti kọ̀ńdọ́ máa pín.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni ohun tó máa sọ sí ọkàn ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ mi. Ká fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú danfo kọ̀ọ̀kan, kó máa sọ ibi tó wà, kí èrò sì máa wò ó lórí fóònù bí mo ṣe wo bàtà mi. Mo ya bó ṣe máa rí sínú ìwé. Mo ṣírò iye tó máa ná wa. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá bàbá awakọ̀ kan ní Ìkòròdú tí mo ti ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ tipẹ́. Ó wà lórí ìlà, ó ń dúró kó kàn án láti kó èrò. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa, kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

"Ọmọ mi, ohun tó o rò yìí dáa. Ta ni yóò máa wò ó?"

"Gbogbo ayé ni, bàbá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní fóònù."

"Olówó ọkọ̀ náà ní fóònù."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Tó bá rí i pé mo lọ, mo bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lónìí, lọ́la á ní kí n fi kún owó òun. Àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì náà á rí i. Ọmọ mi, ibi tí ọkọ̀ mi wà, àṣírí mi ni. Inú àṣírí yẹn ni mo ti ń jẹun."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kó ìwé mi nílẹ̀. Mo ti fi oṣù méjì ya àwòrán ohun tí ó lè gba oúnjẹ lẹ́nu bàbá yìí, mi ò sì mọ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe. Ní ọdún 2005, Google àti TriMet, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó bọ́ọ̀sì ní ìlú Portland ní Amẹ́ríkà, jọ gbé ètò kan jáde tó ń júwe ìrìn bọ́ọ̀sì fún èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlànà tí wọ́n fi to ọ̀rọ̀ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní GTFS, ni ọ̀pọ̀ ìlú láyé ń lò títí dòní. Ṣùgbọ́n ọkàn ìlànà yẹn ni aago: bọ́ọ̀sì wo, ibùdó wo, aago mélòó. Danfo kò ní ìdáhùn sí ìkẹta.

Ti Nairobi ní Kẹ́ńyà ló sún mọ́ wa jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Nairobi, pẹ̀lú àwọn olùwádìí láti MIT àti Columbia, yunifásítì méjì ní Amẹ́ríkà, gbé fóònù dání, wọ́n ń wọ matatu, ìyẹn danfo tiwọn, káàkiri ìlú, wọ́n sì ń kọ gbogbo ibi tó ti ń já èrò sílẹ̀. Digital Matatus ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Ní 2014 wọ́n gbé máàpù rẹ̀ jáde, ọ̀nà tó lé ní 130 ló wà lórí rẹ̀, nígbà tó sì di 2015 ó wọ Google Maps. Orí mi wú nígbà tí mo rí máàpù yẹn. Àwọn tó máa ń sọ pé irú ọkọ̀ wa yìí kò létò, kí wọ́n wò ó: ètò wà, orí àwọn èèyàn ló wà, kò tíì sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Síbẹ̀, máàpù á sọ ibi tí ọkọ̀ ń gbà. Kò lè sọ bóyá ó máa wá lálẹ́ òní.

Ní Kẹ́ńyà kan náà, Google àti Equity Bank gbé káàdì kan tó ń jẹ́ BebaPay jáde ní 2013 kí èrò matatu lè máa fi san owó ọkọ̀. Ní 2015 wọ́n pa á tì. Àwọn tó wà nídìí ọkọ̀ fẹ́ràn owó tó ń wọ àtẹ́lẹwọ́, ẹni tó bá sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá awakọ̀ yẹn kò ní béèrè ìdí. Àmọ́ ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí náírà di ọ̀wọ́n tí èèyàn ń sùn sídìí ATM. Àwọn kọ̀ńdọ́ kan ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í pe nọ́ńbà àkáǹtì wọn fún èrò. Kò sẹ́ni tó dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó pín ẹ̀rọ fún wọn. Ohun tí iléeṣẹ́ ńlá méjì kò rí ṣe fún matatu, àìní àwọn kọ̀ńdọ́ fúnra wọn tì wọ́n sí i láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

BRT, ìyẹn bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ọ̀nà tirẹ̀ ní Èkó, àti reluwé yàtọ̀. BRT bẹ̀rẹ̀ ní 2008 láti Mile 12 sí CMS, wọ́n fà á dé Ìkòròdú ní 2015. Káàdì Cowry tí wọ́n ń lò níbẹ̀ náà ni wọ́n fi ń wọ reluwé aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina sí Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Inú mi dùn sí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó lè pàṣẹ wà nídìí wọn, tó bá ní kí ọkọ̀ gbé ẹ̀rọ, ọkọ̀ á gbé e. Inú mi dùn sí iṣẹ́ Shuttlers pẹ̀lú, tí Damilola Olokesusi wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀: òṣìṣẹ́ á fi áàpù gba àyè sílẹ̀ kó tó kúrò nílé, ọkọ̀ á sì wá ní àkókò. Ṣùgbọ́n obìnrin Ọ̀jọ́tà kò mọ aago tí oníbàárà máa jẹ́ kó ti ṣọ́ọ̀bù. Àyè wo ló fẹ́ gbà sílẹ̀?

Nígbà tí mo tò gbogbo èyí síwájú ara mi, ohun kan hàn sí mi gbangba. Gbogbo wa la ti ń wo ọkọ̀. Ọkọ̀ ní ẹni tó ni ín, ó ní àṣírí, ó ní ẹni tó ń pa á mọ́. Ibùdókọ̀ kò ní àṣírí kankan. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró sí Kẹ́tu ní aago méje alẹ́ mọ ohun mẹ́ta: bóyá ọkọ̀ wà nílẹ̀, iye tí wọ́n ń pè é, àti bí èrò ṣe pọ̀ tó. Ohun mẹ́ta yẹn gan-an ni ẹni tó ṣì wà ní Onípanu fẹ́ mọ̀. Ẹni tó sọ ọ́ kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Mo kó èèyàn mẹ́fà jọ, ọ̀rẹ́ àti ará ibi iṣẹ́ tí gbogbo wa jọ ń gba ojú ọ̀nà Ìkòròdú. A dá gúrúùpù sílẹ̀ lórí WhatsApp. Mi ò kọ áàpù kankan, mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà wúlò. Ẹni tó bá ti dé ibùdókọ̀ á tẹ ohun mẹ́ta yẹn ránṣẹ́: Ọ̀jọ́tà, ọkọ̀ kò sí, ₦900, èrò pọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó dùn mọ́ wa. Ọ̀kan nínú wa dúró síbi iṣẹ́ di aago mẹ́jọ ọjọ́ kan, ó parí iṣẹ́ ọjọ́ kejì, ó sì wọ ọkọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó dé Ọ̀jọ́tà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òjò dé, gúrúùpù sì dákẹ́. Ìgbà tá a nílò rẹ̀ jù ni kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ yọ fóònù nínú òjò? Bátìrì àwọn mìíràn ti kú láti ọ̀sán. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹnì kan já fóònù gbà lọ́wọ́ arábìnrin kan nínú wa níbi tó ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Fóònù náà bọ́ lọ́wọ́ olè, ó ṣubú, ojú fóònù fọ́, ọwọ́ arábìnrin náà sì fi ara pa. Mo lọ kí i nílé. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, torí èmi ni mo ní kó máa yọ fóònù ní irú ibẹ̀ ní irú àkókò yẹn. Mo dá gúrúùpù náà dúró.

Ìyá kan tó ń ṣe POS ní Kẹ́tu ló tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Mo lọ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń dá àwọn èèyàn lóhùn. Ẹni yìí á dé, á ní, "Màámi, èló ni wọ́n ń pe Ìkòròdú?" Ẹlòmíràn á ní, "Ìyá, ṣé ọkọ̀ ti lọ?" Ó ń dá wọn lóhùn láìgbójú sókè nínú owó tó ń kà. Abẹ́ agbòòrùn ló jókòó, fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, bátìrì alágbèéká wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò sì mọ̀ ọ́n débi pé olè kò ní bọ́ síbẹ̀. Kí ló dé tí mo fi ń wá ẹni tó ń kọjá, nígbà tí ẹni tó jókòó wà? Mo ṣàlàyé fún un. Ó bi mí pé ṣé kíkọ ni. Mo ní rárá màámi, ẹ kàn máa sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ fún wọn yìí, ẹ tẹ fóònù, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ jù ú sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìyá mẹ́rin ló ń bá wa ṣe é, ní Onípanu, Ọ̀jọ́tà, Kẹ́tu àti Mile 12. Ọ̀kan ń ta àkàrà, ọ̀kan ń ta oúnjẹ, méjì ń ṣe POS. Láti aago márùn-ún sí mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí. Èmi ni mò ń san owó dátà wọn àti owó díẹ̀ lé e látinú owó oṣù mi, mi ò sì lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí. Mo ti ro ó pé àwọn ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn ń pẹ́ délé lè máa san nǹkan kan. Mo ti ro ó pé àwọn tó fún wọn ní ẹ̀rọ POS lè rí èrè nínú kí èrò máa wá sí tábìlì wọn. Ohun kan ṣoṣo tí mo ti pinnu ni pé ẹni tó ń fetí sí i kò ní sanwó. Ẹni tó ń wá ₦1,200 owó ọkọ̀ kò yẹ lẹ́ni tí mo máa tún gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ₦1,200 ni.

Agbèrò kan lọ dúró sórí ìyá Ọ̀jọ́tà lọ́jọ́ kan, ó ní ta ló ń sọ ọ̀rọ̀ àwọn fún. Ìyá náà gbé fóònù sí i létí kó gbọ́ ọ. Nígbà tó rí i pé orúkọ ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀, pé nọ́ńbà ọkọ̀ kankan kò sí níbẹ̀, ó lọ. Nígbà tó yá ó padà wá, ó ní kí màámi sọ pé ọkọ̀ pọ̀ nílẹ̀, kí èrò lè wá. Ọkọ̀ kò sí. Ìyá náà kò sọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ mi pé tí nǹkan yìí bá gbilẹ̀, àwọn kan máa fẹ́ fi í parọ́. Bó bá máa gbilẹ̀, ẹni méjì tí òwò wọn yàtọ̀ síra gbọ́dọ̀ wà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí ohùn kan lè jẹ́rìí sí èkejì.

Mo mọ ohun tí kò lè ṣe. Kò lè bí danfo kan sí i. Tí ọkọ̀ mẹ́wàá bá wà fún ẹgbẹ̀rún èèyàn, ìmọ̀ kò ní sọ ọ́ di ogún. Àmọ́ ìyá ọmọ á lè fún ọmọ lóúnjẹ kó tó jáde. Ẹni tí àbúrò rẹ̀ ń gbé ní Ṣómólú á lè pinnu láti sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ní káàdì Cowry á mọ̀ pé BRT ló máa yá lálẹ́ yìí.

Ohun tí mi ò retí ni ìpè kan tó wọlé ní oṣù tó kọjá. Bàbá awakọ̀ Ìkòròdú ni. Ọ̀kan nínú àwọn èrò rẹ̀ ló jẹ́ kó gbọ́ ohùn ìyá Kẹ́tu lórí fóònù.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo wà nídìí èyí?"

Mo ní èmi ni, bàbá.

"Ó ní èrò pọ̀ ní Kẹ́tu, kò sí ọkọ̀. Mo ti Mile 12 yí padà lọ síbẹ̀, ọkọ̀ mi kún kí n tó gbọ́wọ́ kúrò lórí jíà. Fi mí sí i."

Mo fi í sí i. Kò fi ibi tó wà hàn ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó bi í. Ní báyìí, awakọ̀ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, òun ló mú mẹ́sàn-án nínú wọn wá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò tó máa gba ohùn àwọn ìyá yìí, táá sì máa sọ ọ́ padà fún ẹnikẹ́ni tó bá pe nọ́ńbà kan, kódà pẹ̀lú fóònù kékeré oníbọ́tìnnì. Yorùbá tí wọ́n ń sọ nínú ariwo títì ń yọ ètò náà lẹ́nu, ó ń gbọ́ "Kẹ́tu" bíi nǹkan mìíràn. Ibẹ̀ ni mo bá a dé lálẹ́ àná, nígbà tí ohùn ìyá Kẹ́tu wọlé ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òjò ń lu agbòòrùn rẹ̀, ó ń pariwo kí n lè gbọ́ ọ:

"Ìkòròdú, ẹgbẹ̀rún náírà. Ọkọ̀ méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró. Èrò ò tíì pọ̀, ẹ máa bọ̀."

Mo pa kọ̀ǹpútà, mo gbé báàgì mi.